Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Orin

Bí ẹ bá ní kí n ṣàpèjúwe ojú bàbá wa, màá kọ́kọ́ dákẹ́ kí n ronú. Ohùn wọn kò nílò ìrònú kankan. Ó ń bá mi gbélé títí dòní, pàápàá lọ́sàn-án, nígbà tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́ tí rédíò ẹnì kan sì ń kọrin lókèèrè. Mo máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró nígbà náà, màá wá tẹ́tí sí àárín orin kan sí òmíràn, bóyá wọ́n á sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Èjìgbò ni wọ́n bí wa sí, ní agboolé kan tí kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá wa ń ṣòwò ní Àbíjáàn, bí ọ̀pọ̀ bàbá nílùú wa ṣe ń ṣe. Nígbà tí mo ṣì kéré, kò sí Iléyá tí wọn kì í wálé. Nígbà tó wá di pé mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń lọ sópin, wọn ò wálé mọ́. Ọdún kan, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ọdún kejì, wọ́n á ní ìwé ìrìnnà. Ọdún kẹta, wọ́n á ní ẹnubodè ò dáa. Ohun tó ń bọ̀ wálé ni ohùn wọn.

Kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà nílé wa. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, kò mọ̀wé, ojú wọn sì ti ń ṣú. Kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Bàbá wa á jókòó sí Àbíjáàn, wọ́n á sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á fi òwú pupa so ó, wọ́n á sì fún awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí gáréèjì wa. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, gbogbo wa á pé jọ sórí ẹní Ìyá àgbà, a ó gbọ́ ọ lórí rédíò ńlá wa tó ń kọ kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ìyẹn, Ìyá àgbà á máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí ọkọ̀ yóò fi tún fẹ́ lọ. Nígbà náà la máa ń gba èsì tiwa sórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà, lórí ọ̀rọ̀ bàbá wa gan-an, a ó sì dá a padà.

Bí gbogbo ilé tó ní èèyàn ní Àbíjáàn ṣe ń ṣe nìyẹn ládùúgbò wa. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, kò sì sẹ́ni tó rò pé ohùn jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń tọ́jú pamọ́. Èsì ló ń pa ohùn tó wá ṣáájú rẹ́. Tí mo bá ń rò ó báyìí, ara mi máa ń bù máṣọ: ohùn bàbá wa kì í pẹ́ láyé ju ìgbà tí a bá dá wọn lóhùn lọ.

Bí wọ́n ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á kí ẹni tó yẹ kí wọ́n kí, wọ́n á bá ẹni tó yẹ wí, wọ́n á wú ikọ́ díẹ̀, wọ́n á wá ní, "Vwàlà." Fàransé ni. Lẹ́nu wọn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó parí, kò sí àfikún. Èmi àti àbúrò mi máa ń sín wọn jẹ. Bí ìyá wa bá bù wá lọ́bẹ̀ tán, a ó ní, "Vwàlà," ìyá wa á sì fi ìgbákọ halẹ̀ mọ́ wa.

Àbúrò mi yìí, ọkùnrin, àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Ọdún tó wọ kíláàsì kẹrin ni bàbá wa fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí èèyàn lè fi kọ́ bẹ́líìtì. Ó ní rédíò nínú, ó ń kọ kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́kúmáànù la ń pè é. Wáyà etí rẹ̀ ní fóòmù aláwọ̀ ọsàn méjì tó ń bo etí. Kò sí ọmọ mìíràn tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Láti ọjọ́ tó ti gbé e sórí ni kò ti gbé pẹ̀lú wa mọ́.

Èmi kì í ṣe alásọdùn, ohun tí ojú mi rí ni mò ń wí. Ó ń fi jẹun. Ó ń fi kàwé, bí a bá lè pè é ní ìwé kíkà. Tó bá ń ṣe àlùwàlá, á fa wáyà náà sọ́rùn, á sì máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀, tí ìyá wa á ní, "Ọlọ́run ń gbọ́ ọ o." Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí onítọ̀hún, á wá gbé etí kan sókè, á ní, "Hẹn?" Mo kórìíra "Hẹn" yẹn ju èébú lọ. Ó ń sá bátìrì sóòrùn lójú fèrèsé bí ẹni ń sá ẹ̀gbodò, kó lè rí agbára díẹ̀ mú. Báírò ló fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà kí bátìrì má baà tán. Bí bátìrì bá wá kú pátápátá, á jókòó ságbàlá, á káwọ́ lérí, bí ìgbà tí ibà ń ṣe é.

Ìgbà kan wà tí ìyá wa rán an lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lọ́dọ̀ àbúrò Ìyá àgbà, kó lọ gbé àpò gààrí kan wá. Wọ́n so àpò náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, òun fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín, ó gbé wáyà rẹ̀ sétí. Ibì kan lójú ọ̀nà ni okùn ti já. Àwọn tó wà lóko lẹ́bàá títì pariwo, "Ẹrù yín ti bọ́ o! Ẹrù yín o!" Ẹni tó ń wa ọ̀kadà ò gbọ́ nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ń mi orí sí orin. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, okùn nìkan ló ń wọ́ nílẹ̀. Mo bínú débi pé mo fẹ́ já wáyà náà sí méjì. Ìyá àgbà ní tiwọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ ló dùn mọ́ ọn." Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń rántí wọn nígbà tí inú mi bá dùn.

Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀, orin ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ètò kan wà lórí rédíò tí àwọn olùgbọ́ fi ń béèrè orin. Àbúrò mi á lọ jókòó sẹ́yìn ilé níbi tí rédíò ti ń mú dáadáa, á máa gba àwọn orin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, á yí kásẹ́ẹ̀tì padà láti gbọ́ bó ṣe wọlé sí. Tó bá tún ń sún un síwájú, á jẹ́ kó kọjá ibi tí orin yẹn parí sí díẹ̀, kí orin tó ń bọ̀ má baà gun ìyẹn nírù. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì máa ń fi àlàfo díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láàárín orin. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ló ní. Ó ti gba orin lé orin lórí wọn títí wọ́n fi ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kọrin nínú ìkòkò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí, a pé jọ láti gba èsì sílẹ̀ fún bàbá wa. Àdúrà nìkan ni Ìyá àgbà máa ń ṣe sínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ní kí n sún rédíò náà mọ́ ẹnu àwọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "ojú mi ń kú lọ. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ń rí báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Má fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, má sì fi ẹ̀bùn dá mi lóhùn. Ṣé wàá wálé kí ojú yìí ó tó kú tán, àbí kí n má retí ẹ mọ́? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, wí i fún mi. N ó gbà á."

Mo rí i tí ìyá wa ń wolẹ̀. Àfi bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ rédíò gbùà, tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ránṣẹ́!" Ìyá wa fọ́ ọ létí. Ìró ìgbátí yẹn wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, a sì fi ránṣẹ́ sí Àbíjáàn bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà ń retí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti òde wọlé, wọ́n á ní, "Ṣé ọkọ̀ Àbíjáàn ti dé?" Wọn kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, Sátidé ni. Èmi àti ìyá wa wà nílùú Ola, níbi ìkómọ kan. Ìyá àgbà ń sùn ní yàrá. Àbúrò mi ló wà níta nígbà tí awakọ̀ kan dúró, tó na ọ̀rá kan sí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀, tó ní, "Bàbá yín ní kí n kó o fún yín," tó sì wakọ̀ lọ. Aṣọ wà nínú ọ̀rá náà, ọṣẹ wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì méjì sì wà níbẹ̀. Òwú pupa kò sí lára èyíkéyìí nínú wọn. Ètò ọ̀sán Sátidé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ, ó gbọ́ ọ lójú méjèèjì, òfìfo ni. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin. Ìgbà tí ìyẹn kún, orin kò dúró dè é. Ó fi èkejì sí i láì gbọ́ ọ wò, ó sì ń gbà á lọ.

Ìrọ̀lẹ́ la dé. Ó kó aṣọ àti ọṣẹ fún ìyá wa. Ìyá àgbà ti jí, wọ́n jókòó sórí ẹní wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" wọ́n ní.

"Wọn ò gbohùn sí i, Ìyá. Òfìfo tí mo ní kí wọ́n rà fún mi ni wọ́n fi ránṣẹ́."

"Òfìfo," ni Ìyá àgbà wí.

Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ń gbé omi àlùwàlá wọn wá, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. "Mo bi í léèrè, ó fi òfìfo dá mi lóhùn." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé sí wọn lẹ́nu. Bí ọkọ̀ Àbíjáàn bá fọn fèrè ní gáréèjì, wọn ò tún béèrè mọ́.

Ìgbà tí àwọn àgbà ọkùnrin méjì láti Àbíjáàn wọlé wa, tí wọ́n bọ́ bàtà, tí wọn ò sì gba omi tí a gbé fún wọn, ìyá wa ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó la ẹnu. Inú ló run bàbá wa. Àìsàn náà ò pẹ́ rárá. Ọjọ́ tó pa wọ́n ni wọ́n sin wọ́n sọ́hùn-ún, bí ẹ̀sìn ṣe wí. A sunkún títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sún mọ́ Ìyá àgbà láti tù wọ́n nínú.

"Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀," wọ́n ní. "Ara rẹ̀ le koko lọ́jọ́ tó gba kásẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo yá a ní rédíò. Ó ní ìyá òun bi òun ní ìbéèrè, òun sì gbọ́dọ̀ dáhùn bó ṣe yẹ. Ó pẹ́ nídìí ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ, àbí ẹ ò tíì gbọ́?"

Ìyá wa ní, "Kásẹ́ẹ̀tì wo?"

Mo wo àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè lọ sọ́rùn, síbi tí wáyà náà wà. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi lọ sí yàrá, mo wá ọ̀rá tí ẹrù náà bá wá, mo gbọ̀n ọ́n. Òwú pupa náà jábọ́ sílẹ̀. Ó ti tú lójú ọ̀nà.

Àbúrò mi mú kásẹ́ẹ̀tì kejì wá, inú ilé náà la sì ti gbọ́ ọ, lórí rédíò ńlá, tàwa tàlejò. Orin ìjó ni. Ìyá wa fi gèlè bo ojú. Orin náà parí, kó tó di pé òmíràn bẹ̀rẹ̀, ohùn bàbá wa jáde nínú àlàfo náà, ó hàn kedere bí ẹni tó wà ní yàrá kejì:

"... Ìyá mi, mo gbọ́ ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ kí n ..."

Orin bò ó. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí rédíò bí ẹni fẹ́ mú nǹkan. Lẹ́yìn orin kejì, ikọ́ wọn ni, àti ìró fèrè ọkọ̀ kan ní òpópónà tí mi ò mọ̀. Lẹ́yìn òmíràn, èémí nìkan. A jókòó, a gbọ́ orin ìfẹ́, a gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń kí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. Ìgbà tí ètò náà dé òpin, ibi tí àbúrò mi ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá wa ṣẹ́kù díẹ̀:

"... bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run. Vwàlà."

Ohun tí a ní nìyẹn. Ìbéèrè ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti dáhùn, wọ́n sì ti parí ọ̀rọ̀. Èsì gan-an wà lábẹ́ orin.

A retí kí Ìyá àgbà ṣépè, kí wọ́n tilẹ̀ lù ú. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ lé e. "Bó bá ní òun ń bọ̀," wọ́n ní, "a jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi ló kú sí. Bó bá ní òun ò wá mọ́, a jẹ́ pé ó ti fi mí sílẹ̀ kó tó kú. Èwo nínú méjèèjì ló wí? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Tún un fi sí i."

A tún un fi sí i. Láti ìgbà náà lọ, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásàrí, orin ìjó ń dún nílé ọ̀fọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ò tíì ju àná lọ nígbà tí Alfa wá láti bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀, pé kò dáa, pé òkú ń fẹ́ àdúrà. Ìyá àgbà gbọ́ wọn tán. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, Alfa. Ó kù díẹ̀ kó sọ̀rọ̀." Alfa jókòó. Nígbà tí ohùn bàbá wa jáde láàárín orin méjì, mo rí i tí Alfa di aṣọ wọn mú. Wọn ò padà wá lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Àbúrò mi ló wá sọ pé òun ń gbọ́ bàbá wa lábẹ́ orin gan-an. Ó ní orin kò pa wọ́n rẹ́ tán. Ó ní bí bátìrì bá ti ń kú, tí orin bá ń fà, tí ohùn olórin ń wúwo, ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sá bátìrì sóòrùn tẹ́lẹ̀ wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ bátìrì tó ti kú. Àwọn èèyàn ń kó o fún un, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Á wá jókòó sẹ́yìn ilé, á tẹ fóòmù aláwọ̀ ọsàn yẹn mọ́ etí, á dijú. Tí a bá pè é, kì í wí "Hẹn" mọ́. Ó ń gbọ́ wa, kò kàn dáhùn ni.

Èmi náà gba wáyà náà sétí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀ orin náà lóòótọ́, ó ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, mo sì rò pé mo gbọ́ "Ìyá". Ó lè jẹ́ ìlù. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi tó ń dún létí mi. Mo bọ́ ọ sílẹ̀, mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, o fẹ́ ya wèrè ni?" Inú ń bí mi nígbà yẹn sí gbogbo nǹkan tó ń dún. Ìyá wa gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìdánwò ńlá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tì í mọ́ àpótí. Ara rẹ̀ gbóná, kò sùn, kò jẹun, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sí etí ṣáá bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí. Ìyá wa fúnra wọn ló ṣí àpótí. Kò yege nínú ìdánwò náà.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, ojú Ìyá àgbà ti kú tán, ara wọn náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Wáyà etí ni àwọn náà wá fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, nítorí etí wọn. Ẹ bá rí wọn, arúgbó tó gbé nǹkan aláwọ̀ ọsàn lé orí ìborùn, tí àbúrò mi jókòó tì, tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fi àdí pa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bọ́ wáyà náà, wọ́n sì na ọwọ́ wá àbúrò mi.

"Ìwọ lo ń gbọ́ ọ jù," wọ́n ní. "Etí tèmi ò lè bá a mọ́. Kí ló wí?"

Mo wò ó. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, mi ò sì mọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ó kúnlẹ̀ sítòsí etí wọn.

"Wọ́n ní kí ẹ máa retí àwọn."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ó ń bọ̀ nígbà náà," wọ́n ní. Wọ́n fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ gbé e kúrò níbí. Mo ti gbọ́." Wọn ò béèrè rẹ̀ mọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi kú lójú oorun.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé àbúrò mi á sinmi. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i. Mo ní ó ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe. Àmọ́ ńṣe ló tún le sí i. Gbogbo ibi tó bá ń lọ, kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà lápò rẹ̀. Èmi relé ọkọ. Òun kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáréèjì, níbi tí àwọn ọmọ ìwé ti ń kó ẹ̀rọ tiwọn wá fún un, nítorí nígbà yẹn, wọ́kúmáànù ti pọ̀ nílùú. Wọ́n á dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà létí, wọ́n á máa mi orí. Mo gbọ́ tó sọ fún ọ̀kan pé, "Bọ́ ọ sílẹ̀ bí èèyàn bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́ ba ọmọ náà lẹ́rù. Ó bọ́ ọ.

Ọ̀sán kan ní àárín àwọn ọdún 1990, mo kí i ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn. Kò sí oníbàárà kankan. Ọkọ̀ Àbíjáàn ń kó èrò níwájú wa, wọ́n ń di ẹrù sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn wà lórí itan rẹ̀. Fóòmù aláwọ̀ ọsàn ti jẹ tán, irin lásán ló kù. Ó wò mí bí ẹni tó ti ń retí mi, ó sì gbé wáyà náà lé mi lórí kí n tó sọ nǹkan kan.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ibí yìí. Ibí yìí gan-an."

Mo tẹ́tí. Mo dijú, mo dá èémí mi dúró. Orin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlù kò sí. Ìró tí kásẹ́ẹ̀tì máa ń mú wá nígbà tó bá ti gbó tán nìkan ni, ṣììì, bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn. Mo dúró de àlàfo, mo dúró de ikọ́ wọn, mo dúró de "Vwàlà". Kò sí nǹkan kan. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì, títí kan díẹ̀ tí a ní.

Nígbà tí mo lajú, ó ń wo ẹnu mi.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," mo ní.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ń fa wáyà náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wọ́n ní ká máa retí àwọn."

Ó wò mí pẹ́. Ojú rẹ̀ rọ̀, omi sì dúró sí i, mo wá rò pé mo ti wò ó sàn.

"Èmi ni mo sọ ìyẹn, Àǹtí," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́ fún Ìyá."

Ó bọ́ wáyà náà lórí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó sì fi báírò bẹ̀rẹ̀ sí í yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn.